Torockó: abúlé tí ìṣẹ́ pa mọ́, tí owó sì fẹ́ bà jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ ilé kíkọ́ ni mò ń kà ní Debrecen, ní Húńgárì. Àwọn kan nínú kíláàsì wa ń sọ̀rọ̀ abúlé kan tó ń jẹ́ Torockó. Wọ́n ní Ròmáníà ló wà, síbẹ̀ èdè Húńgárì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àti pé àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ṣì dúró bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Báwo ló ṣe jẹ́? Ta ló ń sanwó rẹ̀? Kí ni wọ́n fi ń tún ògiri wọn ṣe? Tí mo bá sì fẹ́ lọ wò ó, ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, torí orúkọ ló máa kọ́kọ́ ṣì yín lọ́nà. Tí ẹ bá wá Torockó nínú máàpù Ròmáníà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí i. Rimetea ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Alba ló wà. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Eisenburg, ìyẹn ìlú olódi irin, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Lẹ́tà “c” inú orúkọ náà, “ts” ni ẹ ó pè é, kí “kó” tó wà ní ìparí sì gùn díẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní “Tórókó” lójú ọmọ ibẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dáríjì yín.

Ọ̀rọ̀ èdè kò le. Ilẹ̀ Transylvania, tí àwọn ará Húńgárì ń pè ní Erdély, wà lábẹ́ adé Húńgárì fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1920, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Trianon, ilẹ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Ròmáníà. Àwọn ènìyàn ò kúrò lójú kan, ààlà ló rìn kọjá lórí wọn. Yorùbá ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: bí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fa ìlà lọ́dún 1889 tí Kétu fi bá ara rẹ̀ ní ọwọ́ kan, tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lónìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ní Ròmáníà ló ka ara wọn sí ọmọ Húńgárì nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní ìhà ìlà-oòrùn Transylvania, níbi tí wọ́n ti pọ̀ ju àwọn tó kù lọ. Torockó ò sí lára ìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Alba, èdè Ròmáníà ló gbilẹ̀. Torockó àti abúlé ìkejì rẹ̀, Torockószentgyörgy, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Ròmáníà ń jẹ́ Colțești, dà bí erékùṣù méjì láàárín odò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí èdè tó wà ní erékùṣù kò lè rọra sùn bí èyí tí gbogbo àyíká ń sọ.

Nísinsìnyí, ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sọ ni pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn àṣà wọn ju àwọn mìíràn lọ, pé ìdí nìyẹn tí ilé fi kù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ pa ilé Torockó mọ́ ni àìlówó. Ìgbà tí owó dé ni ewu dé.

Irin ló kọ́ abúlé náà. Òkúta irin wà nínú àwọn òkè tó yí i ká, wọ́n sì ti ń wà á láti bí ọgọ́rùn-ún méje ọdún sẹ́yìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé awakùsà láti ilẹ̀ Austria ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá ṣiṣẹ́ náà. Bí ìran ṣe ń gorí ìran, wọ́n gba èdè Húńgárì, wọ́n sì di ọmọ ilẹ̀. Èédú igi ni wọ́n fi ń yọ́ irin. Omi odò ló ń fún ẹwìrì wọn lágbára, òun náà ló ń gbé òòlù ńlá tó ń lu irin gbígbóná sókè sódò. Ẹni tó bá ti rí àgbẹ̀dẹ nílé wa, tó mọ bí ẹ̀mí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń pin nídìí ẹwìrì, á mọ iye agbára tí odò náà gbà lọ́wọ́ wọn. Irin ohun ìtúlẹ̀ Torockó lọ káàkiri Transylvania, owó sì wọlé: ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ilé alákùúta tó gbojú, tó sì tóbi ju ti abúlé àgbẹ̀ lásán lọ.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irin ní owó pọ́ọ́kú, reluwé ń gbé e kiri, reluwé ò sì gba Torockó kọjá. Igbó tí wọ́n ti ń rí èédú ń jìnnà sí i, ihò kùsà ń jìn sí i, owó wíwà rẹ̀ sì ju iye tí irin náà ń pa lọ. Iná ńlá kan tún jó ọ̀pọ̀ ilé lọ́dún 1870, wọ́n sì tún wọn kọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi máa parí, iléru ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó fẹ́ wó ilé bàbá rẹ̀ kó fi kọ́ tuntun kò lówó tó máa fi wó o. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ ṣiṣẹ́ ní Torda àti Kolozsvár (Turda àti Cluj-Napoca ni orúkọ wọn ní èdè Ròmáníà). Ilé dúró nítorí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Ceaușescu, aláṣẹ Ròmáníà nígbà náà, gbé ètò kan dìde láti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé Ròmáníà rẹ́, kó sì kó àwọn ènìyàn wọn sínú ilé alájà púpọ̀. Ìjọba rẹ̀ ṣubú ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 kí ètò náà tó jìnnà.

Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ìyẹn ló léwu jù lọ. Ààlà ṣí, ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ níta ń fowó ránṣẹ́, ọjà sì kún fún sìmẹ́ǹtì, fèrèsé oníke, àti ọ̀dà olóríṣiríṣi àwọ̀. Ohun tí ìṣẹ́ fi bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣọ́, owó oṣù mẹ́fà lè bà á jẹ́. Ẹnì kan ṣáà yọ fèrèsé onígi rẹ̀, ó fi oníke kan ṣoṣo tó fẹ̀ sí i; aládùúgbò rẹ̀ rò pé òun ti di ẹni ẹ̀yìn, òun náà yọ tirẹ̀. Bí ojú pópó ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn, láìsí ẹni tó ní ibi lọ́kàn.

Lọ́dún 1996, Transylvania Trust, àjọ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Kolozsvár, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Torockó. Owó náà wá láti Belváros-Lipótváros, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò karùn-ún Budapest. Ètò náà rọrùn débi tí ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá àgbà: onílé tó bá pa iwájú ilé rẹ̀ mọ́ bó ṣe wà á máa gba ìwọ̀nba owó lọ́dọọdún. Ilé tó wọ inú ètò náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ayàwòrán ilé ń gba àwọn onílé nímọ̀ràn. Lọ́dún 1999, ètò náà gba àmì ẹ̀yẹ Europa Nostra, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó bá dáàbò bo ohun àjogúnbá ní Yúróòpù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ilé, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ ni “lọ́dọọdún” yẹn. Bí wọ́n bá kó owó ńlá fún onílé lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tó bá ná an tán ni àdéhùn náà parí lọ́kàn rẹ̀. Ọdún kejì, ó lè yọ fèrèsé. Owó kékeré tó ń padà wá kò tó kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ó ń rán onílé létí, ó sì fún àjọ náà ní ìdí láti máa wo ilé náà lọ́dọọdún. Ohun kejì ni iye ilé. Tó bá jẹ́ ilé mẹ́ta ni wọ́n tún ṣe, ilé àwòṣífìlà mẹ́ta ni wọn ì bá ní láàárín ìdọ̀tí. Nígbà tí ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ̀ ọ́, ẹni tó fi fèrèsé oníke sílé ló wá di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ìtìjú tó ń ti àwọn ènìyàn síbi ìbàjẹ́ tẹ́lẹ̀ yí padà, ó ń tì wọ́n síbi àtúnṣe. Ohun kẹta, iwájú ilé ni àdéhùn náà mú lójú jù. Nínú lọ́hùn-ún, onílé lè ṣe balùwẹ̀ àti ibi ìdáná ìgbàlódé. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Abúlé tí wọ́n bá ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa wẹ̀ nínú bàsíà kí àlejò lè ya fọ́tò, àwọn ọmọ ibẹ̀ á sá lọ.

Ilé fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ilẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn. Etí ilé ló kọjú sí pópó, pẹ̀lú fèrèsé méjì tàbí mẹ́ta, ògiri funfun, ìlẹ̀kùn fèrèsé onípákó tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Yàrá tó kọjú sí pópó ni tisztaszoba, “yàrá tó mọ́ tónítóní”: bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n to ìrọ̀rí sí dé òkè, àpótí aṣọ tí wọ́n kùn ní òdòdó, aṣọ tí wọ́n fi okùn pupa tàbí dúdú ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyàwó, òkú àti àlejò pàtàkì ló ni ín. Ibi ìdáná ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá oúnjẹ, àjà sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan bá gbogbo rẹ̀ rìn lápá àgbàlá, abà màlúù àti koríko gbígbẹ sì wà ní ìparí ilẹ̀ náà.

Ẹ ti béèrè ohun tí wọ́n fi ń tún ògiri ṣe. Òkúta ni ìpìlẹ̀, òkúta ni ògiri, ẹfun ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Ẹfun tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń rí láti ara òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iléru títí ó fi di ẹfun gbígbóná, tí wọ́n wá fi omi pa. Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ẹfun ni wọ́n ń bù sínú omi, wọn kì í da omi sórí ẹfun, torí á hó gùdùgùdù, á sì ta sí ènìyàn lójú. Ẹ wọ ìgò ojú àti ìbọ̀wọ́. Kílò kan ẹfun á gba omi bíi lítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Bó bá ti rọ̀ tán, wọ́n á fi ajọ̀ sẹ́ ẹ sínú ihò, wọ́n á jẹ́ kí omi díẹ̀ bò ó lórí, wọ́n á dé e. Oṣù mẹ́ta ló kéré jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á jẹ́ kó la ìgbà òtútù kan já. Ẹfun tí kò tíì kú dáadáa á máa tú lára ògiri lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ihò kékeré-kékeré bíi ti ṣọ̀pọ̀ná á sì jáde sí ojú iṣẹ́.

Fún rírẹ́ ògiri, òṣùwọ̀n kan ẹfun sí mẹ́ta iyanrìn tí wọ́n ti fọ̀, tó mú lọ́wọ́, tí ìtóbi rẹ̀ kò ju mílímítà mẹ́rin lọ. Iyanrìn tó kún fún amọ̀ á sún kì, á sì ya. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpele kan nípọn ju mílímítà mẹ́wàá lọ. Ẹ rin ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fọ́n omi sí i fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá parí, torí pé ẹfun kì í le nípa gbígbẹ. Káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di òkúta padà, omi díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹfun kíkùn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn bíi wàrà. Ẹ bù ẹfun kan sí omi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ọjọ́ kan wà láàárín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kùn ún, á dà bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan, ojú á máa ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kejì ni yóò funfun. Ibi tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà ti ń kùnà nìyí: wọn ò ní sùúrù, wọ́n pò ó ki kí ó lè funfun lójú ẹsẹ̀, ó sì re bí ìpẹ́ ẹja. Oòrùn gangan kò dára fún un, òtútù yìnyín náà kò dára. Ní Torockó, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni iṣẹ́ ògiri.

Kí ló wá burú nínú sìmẹ́ǹtì? Kò burú fún ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri òkúta àtijọ́ yìí kò ní ohunkóhun tó dí omi ilẹ̀ lọ́nà nísàlẹ̀. Omi ń gùn ún láti ilẹ̀, ó sì ń gba ojú ẹfun jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Bí ẹ bá rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, ẹ ti di imú rẹ̀. Omi náà á máa gùn sókè, á máa wá ibi tí yóò gbà, títí á fi dé ìdí fèrèsé, igi ibẹ̀ á sì jẹrà. Nígbà òtútù, omi tó há náà á di yìnyín, á wú, á sì ti sìmẹ́ǹtì náà dànù pẹ̀lú ojú òkúta. Onílé á sọ pé sìmẹ́ǹtì náà kò tó, á tún rẹ́ èyí tó nípọn jù ú lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri rárá: ẹ kọ́kọ́ tún gọ́tà àti òrùlé ṣe, kí ẹ wá wo ilẹ̀ ìta, torí bí wọ́n ṣe ń da òkúta sí pópó lọ́dọọdún, ilẹ̀ lè ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ lọlẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó ha sìmẹ́ǹtì kúrò, kí ẹ fi ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí ẹ tó fi ẹfun rẹ́ ẹ.

Fèrèsé náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Méjì ni, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, afẹ́fẹ́ tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ ló wà láàárín wọn, òun ló ń dá òtútù dúró. Bí ìsàlẹ̀ férémù bá jẹrà, káfíńtà tó mọṣẹ́ kò ní ju gbogbo rẹ̀ nù. Á gé ibi tó bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, á so igi tuntun irú kan náà mọ́ ọn, á fi òróró linseed, ìyẹn òróró hóró ọ̀gbọ̀, mu ún, á sì fi ọ̀dà olóróró kùn ún. Tí ẹ bá fẹ́ fi rọ́bà dí afẹ́fẹ́, ti inú ni kí ẹ dí. Ẹ fi ti ìta sílẹ̀ kó máa mí díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èémí inú yàrá á wọ àárín méjèèjì, á di omi lójú dígí ìta. Fèrèsé oníke ní tirẹ̀ dí pátápátá. Nínú ilé ògiri òkúta, ọ̀rinrin á há sínú, kọ̀rọ̀ yàrá á sì máa hu ewú dúdú kí ọdún kejì tó pé. Bó bá bàjẹ́ lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún, kò sí ibi tí ẹ ó ti gé e so.

Ẹ tún béèrè bí èdè ṣe kù. Àwọn ohun mẹ́ta ni mo lè tọ́ka sí. Ìjọ ni àkọ́kọ́. Ìjọ Unitarian ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ, ìyẹn ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ Dávid Ferenc (Dávid ni orúkọ ìdílé, Húńgárì ń fi ti ìdílé ṣíwájú), tí ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ “Egy az Isten”, ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run. Ní Torda, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ìgbìmọ̀ Transylvania ti pàṣẹ lọ́dún 1568 pé kí oníwàásù kọ̀ọ̀kan máa wàásù bí ìjọ rẹ̀ ṣe fẹ́. Èdè Húńgárì ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun ni wọ́n fi ń sìnkú. Ilé ìwé ni èkejì: ọmọ Húńgárì ní Ròmáníà lè kàwé ní èdè rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Bethlen Gábor tó lórúkọ sì wà ní Nagyenyed (Aiud), ó ti wà ní ìlú yẹn láti 1662. Ẹ̀kẹta ni òfin: láti ọdún 2001, níbi tí àwọn tó ń sọ èdè kékeré bá ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n lè fi èdè wọn bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ìlú ní èdè méjèèjì. Nítorí náà, àkọlé Rimetea àti Torockó ni ẹ ó bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè bímọ fún abúlé. Láti ọdún 2011 ni ọmọ Húńgárì ilẹ̀ òkèèrè ti lè gba ìwé ọmọ onílùú Húńgárì láì kó lọ síbẹ̀. Ó ṣí ọ̀nà fún ọ̀dọ́, ó sì tún mú kí ó rọrùn fún wọn láti má padà. Bí ọmọ bá dín, kíláàsì á dín, bí kíláàsì bá dín, ìdílé tó fẹ́ padà wá á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìnàjò afẹ́ ló ń gba abúlé náà lẹ́sẹ̀ báyìí: ilé àlejò pọ̀, àwọn tó ń fi pàráṣúùtì fò láti orí òkè ń wá, àwọn agùnkè ń wá. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni pé ará ìlú ńlá ń ra ilé tí yóò máa dé ní ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan, owó ilé ń ga ju agbára tọkọtaya ọ̀dọ́ ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ sì ń kún ojúde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé tó dára tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé jẹ́ ìṣòro tí owó ọdọọdún náà kò lè yanjú, torí pé iwájú ilé ló ń sanwó fún.

Tó bá jẹ́ ìgbà kan péré ni ẹ lè lọ, ẹ lọ ní ìparí Farsang, ìyẹn àsìkò àríyá tó máa ń ṣíwájú Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Wọ́n á fi koríko ṣe ènìyàn kan, wọ́n á gbé e sínú pósí, wọ́n á gbé e yí abúlé ká. Ọkùnrin tó wọ aṣọ obìnrin á máa sunkún bí opó, àlùfáà àdápè á sì wàásù ìsìnkú tó ń fi àwọn ará abúlé ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀: ó kàn máa gbọ́ igbe ẹ̀rín, á mọ̀ pé wọ́n ti kan ẹnì kan nínú èrò.

Ọ̀nà láti Debrecen: ẹ gba Nagyvárad (Oradea) lọ sí Kolozsvár, láti ibẹ̀ sí Torda, bí ọgbọ̀n kìlómítà. Láti Torda ni ìyà wà, torí ọkọ̀ tó ń lọ sí Rimetea kò pọ̀. Ẹ béèrè aago ìpadà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ìlọ, tàbí kí onílé àlejò yín wá gbé yín. Ròmáníà ti wọ Schengen, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó yọ àyẹ̀wò ààlà kúrò láàárín ara wọn, pátápátá láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 2025, nítorí náà káàdì ìgbélùú Húńgárì yín tí kò tíì kú àti páàsípọ́ọ̀tù tó fún ìbẹ̀wò kúkúrú. Aago Ròmáníà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Húńgárì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pàdánù ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Owó lei ni wọ́n ń ná.

Òkè tó dúró sí ìlà-oòrùn abúlé ni Székelykő, ó ga ju 1,100 mítà lọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ pé oòrùn ń là lẹ́ẹ̀mejì ní Torockó: á yọ, á tún fara pamọ́ sẹ́yìn àpáta, á sì tún yọ lẹ́ẹ̀kejì. Láti abúlé dé orí rẹ̀ ju 500 mítà sókè lọ, ó sì dúró gan-an. Ẹ wọ bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ẹ má gùn ún lẹ́yìn òjò, torí òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ń yọ̀. Ẹ wo abúlé láti òkè: ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí àwọn ilẹ̀ gígùn náà ṣe tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ní kí onílé jẹ́ kí ẹ kan ògiri rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Bí funfun díẹ̀ bá yí yín lọ́wọ́, ẹfun ni. Bó bá mọ́ tónítóní, tó sì dún gbuu nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri náà, níbi tó ti fẹnu ko ilẹ̀, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi.